Bí Omi àti Afẹ́fẹ́ Ṣe Ń Tẹ Nǹkan, àti Ìdí Tí Ẹ̀wà Fi Ń Pẹ́ Lórí Iná ní Jos

Àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC àti NECO ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ní pàtàkì. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin òbí pé kí ẹ má ṣí ojú-ewé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkòkò tó lè bú gbàmù nínú ilé ìdáná sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn kó wá sí Jos máa ń béèrè kí oṣù àkọ́kọ́ tó pé: "Kí ló dé tí ẹ̀wà ibí kì í tètè jinná?" Àwọn kan á ní ẹ̀wà náà ti gbó. Àwọn mìíràn á di ẹ̀bi ru omi, wọn á sì ju káún sí i. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò máa ń le, omi kànga mìíràn kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀ bọ̀rọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá gbé ẹ̀wà kan náà, omi kan náà àti ìkòkò kan náà láti Èkó wá síbí, yóò ṣì pẹ́ ju ti Èkó lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè ìkòkò ló fà á. Kí a tó lè rí i bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dá ẹ̀wà dúró, a ní láti kọ́kọ́ mọ bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ohun tó bá wà nítòsí wọn.

Kí ni ìtẹ̀?

Nínú ìwé physics ilé-ẹ̀kọ́ girama, pressure ni wọ́n ń pe ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ìtẹ̀ ni n ó máa pè é níhìn-ín, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ìwúwo. Bí arábìnrin kan bá wọ bàtà gogoro lọ sí òde ìgbéyàwó, tí òjò sì ti rọ̀ síbẹ̀, ìgìgìrísẹ̀ bàtà náà yóò máa rì sínú ilẹ̀ bí ó ti ń rìn. Bí ó bá bọ́ ọ, tó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ, kò ní rì mọ́. Kò gbààwẹ̀, kò sì rù. Ìwúwo rẹ̀ kò yí padà. Àyè tí ìwúwo náà dúró lé ló yí padà. Alágbàárù ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé, ìdí tó fi ń ká òṣùká nìyẹn. Òṣùká kò dín ẹrù kù, ó kàn tan ìwúwo rẹ̀ ká orí ni.

Nítorí náà, bí a bá mú ipá tó ń ti nǹkan, tí a pín in sí iye àyè tó bọ́ lé, ohun tí a rí ni ìtẹ̀. P = F/A ni ẹ ó kọ nínú ìdánwò. Bí ipá newton 1 bá bọ́ sórí àyè tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1, ìtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pascal 1. Orúkọ Blaise Pascal ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ayé láti ọdún 1623 sí 1662. A ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Omi kì í tẹ ìsàlẹ̀ nìkan

Òkúta tí a gbé lé tábìlì ń tẹ tábìlì. Kò bá ògiri jà. Omi kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kò lè dá dúró, ó ń wá ọ̀nà sá lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí náà gbogbo ohun tó bá dí i lọ́nà ló ń tẹ̀: ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, àti ọmọrí pàápàá bí ó bá kún dé ibẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú píọ̀ wọ́tà kan, ẹ fi abẹ́rẹ́ dá ihò sí i lára yíká, kí ẹ wá fi ọwọ́ tẹ igun rẹ̀ kan. Omi yóò tú jáde lójú gbogbo ihò, àti èyí tó kọjú sí òkè. Ibì kan ṣoṣo lẹ tẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ara ọ̀rá náà ló gbọ́. Ẹ ṣe é ní ìta, kí ìyá yín má baà bínú.

Ohun tí Pascal kọ́ wa nìyẹn, òun náà ni mẹkáníìkì sì fi ń gbé ọkọ̀. Nínú jáàkì olóyìnlẹ̀ẹ́, òpó kékeré kan wà, òpó ńlá kan sì wà, epo sì so méjèèjì pọ̀. Bí ojú òpó ńlá bá jẹ́ ìlọ́po 50 ti kékeré, ipá kílógíráàmù 10 tí ọwọ́ fi tẹ kékeré yóò gbé kílógíráàmù 500 ní òdì kejì. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Kí ọkọ̀ tó gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 1, òpó kékeré ní láti rin sẹ̀ǹtímítà 50, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí mẹkáníìkì ń tẹ jáàkì sókè sódò títí tí òógùn fi ń bọ́.

Ohun kejì nípa omi ni jíjìn. Ẹ mú ike omi lítà 1.5, ẹ dá ihò mẹ́ta sí i, ọ̀kan nítòsí ọrùn, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nítòsí ìdí, kí ẹ sì bu omi kún un. Ẹ má wo ibi tí omi balẹ̀ sí. Bí ó ṣe ń tú lẹ́nu ihò ni kí ẹ wò. Ti ìsàlẹ̀ ló le jù, nítorí òun ni omi púpọ̀ jókòó lé lórí. P = hρg ni olùkọ́ yín ń kọ sójú pátákó: h ni gíga omi tó wà lókè ibi tí à ń wọ̀n, ρ ni bí omi náà ṣe ki tó, g sì ni fífà ilẹ̀.

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú ìṣirò yẹn. Fífẹ̀ táńkì kò sí níbẹ̀. Iye lítà kò sí níbẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń pàdánù owó. Mo mọ ilé tó ju mẹ́ta lọ nínú ìlú yìí tí omi kì í sáré dáadáa ní balùwẹ̀ òkè. Àwọn onílé náà yọ táńkì lítà 1,000 kúrò, wọ́n ra ti lítà 5,000, wọ́n sì gbé e sórí stáńdì kan náà. Omi kò sáré sí i, àfi pé kò tètè tán mọ́. Òótọ́ ni pé táńkì ńlá máa ń ga ju kékeré lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, àǹfààní yẹn ti lọ. Mítà 1 tí ẹ bá fi kún gíga stáńdì ń fi nǹkan bí pascal 10,000 kún ìtẹ̀ omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò sí iye lítà tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Kí ẹ sì wo páìpù pẹ̀lú, nítorí páìpù tó tín-ín-rín, tó sì kún fún ìgùnpá, máa ń jẹ ìtẹ̀ náà lójú ọ̀nà.

Àwọn tó mọ ìdídò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìdídò Ṣíróró ní ìpínlẹ̀ Niger ga tó mítà 115, ìdí ògiri rẹ̀ sì fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ fíìfíì. Bóyá adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn tó kìlómítà 1 tàbí kìlómítà 30 kò mú kí ìtẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ sí i. Bí omi bá ṣe jìn tó ní ẹsẹ̀ ògiri ni ìtẹ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń le tó.

Ẹ̀jẹ̀ náà, omi ni

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìfúnpá tí à ń pe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, láti ara aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá tó sì ń fún un ni orúkọ náà ti wá. Nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì ń kà, irú 120 lórí 80, gíga ni: ó ń sọ pé ìtẹ̀ ẹ̀jẹ̀ yín lè gbé mẹ́kúrì gòkè ní mìlímítà 120 nígbà tí ọkàn bá fún ẹ̀jẹ̀ jáde, àti 80 nígbà tí ọkàn bá sinmi. Mẹ́kúrì ni omi fàdákà tó ń wà nínú tẹmómítà àtijọ́, ìlọ́po 13.6 ni ó fi wúwo ju omi lọ. Bí ó bá jẹ́ omi lásán ni wọ́n lò, 120 yẹn yóò ga ju mítà 1.6 lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdúró ènìyàn.

Ẹ̀jẹ̀ inú apá yín ń tẹ̀ lé òfin kan náà tí omi táńkì ń tẹ̀ lé. Bí apá bá wà ní ìsàlẹ̀ ọkàn, gíga ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì yóò fi kún nọ́ńbà náà. Sẹ̀ǹtímítà 10 ń fi nǹkan bí 8 kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní ẹ̀rọ ìwọ̀n yìí nílé báyìí, a ó sì jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, a ó jẹ́ kí apá sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ jẹ́ 128, bí apá rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, yóò ka nǹkan bí 144, ìdààmú á sì bá gbogbo ilé. Ẹni tó gbé apá sókè ju ọkàn lọ yóò ka ohun tó kéré, yóò máa yọ̀ nígbà tí kò yẹ kó yọ̀, èyí sì léwu jù. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kí aṣọ náà wà ní déédéé ọkàn, kí ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ mi pa oògùn tì o. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ bá rí sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló mú kí wọ́n máa fi omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kọ́ sókè. Bí ọ̀rá náà bá wà ní ìsàlẹ̀ apá, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni yóò máa gòkè padà sínú rọ́bà.

Ìsàlẹ̀ odò afẹ́fẹ́ là ń gbé

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé afẹ́fẹ́ kò wúwo. Yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì ga ní mítà 3, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ níhìn-ín ní Jos wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 50, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì kan odindi. Ní Èkó, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan yàtọ̀ díẹ̀ sí bí a ṣe lè rò ó. Afẹ́fẹ́ kún fún ègé wínníwínní tí ojú kò lè rí, wọn kì í sinmi, wọ́n ń sáré, wọ́n ń kọ lu ara wọn, wọ́n sì ń kọ lu gbogbo ohun tó bá wà nítòsí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lábẹ́ páànù nígbà tí òjò yìnyín Jos bá ń rọ̀ mọ bó ṣe ń rí. Yìnyín kan ṣoṣo á dún "kò", kò sí ohun tó lè ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, ẹ kò ní gbọ́ "kò, kò, kò" mọ́, ariwo kan ṣoṣo tí kò dáwọ́ dúró lẹ ó máa gbọ́, páànù á sì máa wárìrì. Bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ṣe rí: àìmọye ìlù kéékèèké tó para pọ̀ di títẹ̀ kan tí kò yẹ̀. Bí a bá mú afẹ́fẹ́ náà gbóná, àwọn ègé náà á sáré sí i, ìlù wọn á sì le sí i. Bí a bá há a mọ́ ibi tóóró, ìlù á pọ̀ sí i.

Ní etí òkun, ìtẹ̀ yìí tó ìwúwo kílógíráàmù 1 lórí àyè tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Lórí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó lé ní kílógíráàmù 100. Kí ló dé tí ọwọ́ wa kò fi já? Afẹ́fẹ́ ń tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ náà bí ó ti ń tẹ àtẹ́lẹwọ́, omi àti ẹran ara inú rẹ̀ sì ń tì í padà. Ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣófo nìkan la máa ń mọ̀ pé ó wà. Nígbà tí ọmọ bá ń fi sítírọ́ọ̀ mu mínírà, ẹ rò pé ẹnu rẹ̀ ló ń fa mínírà sókè. Ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣe kò ju pé ó kó afẹ́fẹ́ inú sítírọ́ọ̀ kúrò. Afẹ́fẹ́ ìta tó ń tẹ ojú mínírà nínú ìgò ló tì í gòkè wá bá a.

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, nítorí owó púpọ̀ ti bá a lọ. Àwọn oníṣẹ́ kànga ní ilẹ̀ Ítálì ti rí i tipẹ́ pé pọ́ńpù wọn kì í fa omi kọjá nǹkan bí mítà 10, bó ti wù kí wọ́n tún un ṣe tó. Galileo mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1638, ṣùgbọ́n Evangelista Torricelli ló rí ojútùú rẹ̀ ní 1643. Wọ́n rọ mẹ́kúrì kún ọ̀pá dígí kan tó gùn tó mítà 1, wọ́n fi ìka dí ẹnu rẹ̀, wọ́n dorí rẹ̀ kodò sínú àwo mẹ́kúrì mìíràn. Mẹ́kúrì inú ọ̀pá náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó dúró ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 76, kò sì lọ sílẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ ìta ló gbé e dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá lè gbé mẹ́kúrì ní sẹ̀ǹtímítà 76, omi tó fúyẹ́ ní ìlọ́po 13.6 ni yóò gbé ní mítà 10 àti díẹ̀. Kò sí pọ́ńpù tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í ṣe pọ́ńpù ló ń gbé omi náà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe dán èyí wò nílé. Májèlé ni mẹ́kúrì.

Pascal wá ronú pé bí a bá ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò afẹ́fẹ́ lóòótọ́, ẹni tó bá gun òkè yóò ní afẹ́fẹ́ tó dín lórí. Ara rẹ̀ kò le, nítorí náà ó kọ̀wé sí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Florin Périer, pé kó bá òun gbé ọ̀pá Torricelli gun òkè Puy de Dôme, tó ga ju mítà 1,400 lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1648, Périer fi ọ̀pá kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, ó sì gbé èkejì gòkè. Lórí òkè náà, mẹ́kúrì ti lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8. Èyí tí wọ́n ń ṣọ́ nísàlẹ̀ kò yí padà látàárọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni ẹni tó jókòó ti ọ̀pá ìsàlẹ̀ yẹn látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láìsí òun, ẹnikẹ́ni ì bá sọ pé ojú ọjọ́ ló yí padà.

Àwa tí à ń gbé lórí òkè

Ìlú Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ju etí òkun lọ. Ohun tí Périer fi odindi ọjọ́ kan wá lọ, inú rẹ̀ ni àwa ń sùn sí. Mẹ́kúrì tó dúró ní sẹ̀ǹtímítà 76 ní Èkó kì í ju nǹkan bí 66 lọ níbí. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ létí yín. Bí ọkọ̀ bá ti Akwanga ń bọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí gun Hawan Kibo, etí á dí, ẹ ó gbé itọ́ mì, etí á là. Afẹ́fẹ́ inú etí ló ń bá ti ìta wá dọ́gba. Ọ̀rá ìpanu tí ẹ rà ní Èkó náà á ti wú bí bọ́ọ̀lù kí ẹ tó délé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bá òbí yín lọ sílé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹ gbẹ omi inú ike kan, ẹ dé e pinpin níbí, ẹ má ṣí i títí ẹ ó fi dé Èkó, kí ẹ wá wo bí ikùn rẹ̀ yóò ṣe wọnú.

Ọ̀rọ̀ pọ́ńpù wá le sí i fún wa. Mítà 10 àti díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ etí òkun lè gbé omi, nǹkan bí mítà 9 ni níbí, ó sì di bí mítà 6 tàbí 7 nígbà tí páìpù àti pọ́ńpù fúnra rẹ̀ bá ti mú tiwọn. Ẹni tó bá gbé pọ́ńpù lé etí kànga tí omi rẹ̀ wà ní mítà 12 nísàlẹ̀, tí omi kò gòkè, tó lọ ra èyí tó lágbára jù ú lọ, owó ló fi ṣòfò. Pọ́ńpù tí wọ́n ń rì sínú omi, èyí tí àwọn kan ń pè ní sumo, ló lè ṣe é, nítorí òun ń ti omi láti ìsàlẹ̀, kò dúró de afẹ́fẹ́. Fífà nìkan ni òfin yìí dè. Bí ó bá jẹ́ títì ni, agbára pọ́ńpù ló kù.

Ẹ̀wà wa wá dé. Kí omi tó lè hó, ooru omi ní láti lágbára tó láti la ìfófòó sí àárín omi, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkè ń tẹ̀ ẹ́ pé kó pa dé. Ní Èkó, omi ní láti gbóná dé dígírì 100 kí ó tó lè borí afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ní Jos, afẹ́fẹ́ òkè kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi ń hó ní nǹkan bí dígírì 96. Omi tó ń hó kò tún gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Gbogbo iná tí ẹ bá fi kún un, sísọ omi di ooru ni yóò lò ó fún. Ẹ̀wà Jos ń fi dígírì 96 jinná nígbà tí ti Èkó ń fi 100 jinná, dígírì 4 yẹn sì tó láti fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kún un. Ẹni tó bá yí gáàsì sókè kí ẹ̀wà lè tètè jinná ń ra gáàsì fún afẹ́fẹ́ ni. Bí ó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kí ẹ dé e.

Ọ̀rọ̀ gáàsì náà kò gbọdọ̀ fò wá. Inú sìlíńdà, omi ni púpọ̀ nínú gáàsì ìdáná, òtútù tàbí ooru ló sì ń pinnu ìtẹ̀ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọyẹ́, iná lè máa jó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé gáàsì ti fẹ́ tán, kò sì tíì tán. Ẹnikẹ́ni má ṣe yá a níná, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn. Ẹni tó sì ń rọ gáàsì fún yín ní láti fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí omi gáàsì máa ń wú bí ó bá móoru. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó rọ "ẹ̀ẹ́nì" kún un.

Ìkòkò pressure

Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe irú ìkòkò yìí àkọ́kọ́ ní 1679. Bí afẹ́fẹ́ òkè kò bá tẹ omi tó, ẹ há ooru omi fúnra rẹ̀ mọ́ inú ìkòkò, kí ó wá tẹ omi náà. Omi kò ní lè hó títí yóò fi gbóná dé nǹkan bí dígírì 120, ẹ̀wà á sì jinná kíákíá. Ìwọ̀n kékeré tó jókòó lórí ihò ọmọrí ló ń ṣọ́ ìtẹ̀ inú. Bí ihò náà bá fẹ̀ ní mìlímítà 3, ìwọ̀n tó wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 70 ló lè dí i títí ìtẹ̀ á fi dé kílógíráàmù 1 lórí sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóròó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru á gbé ìwọ̀n náà sókè, á sì sá jáde pẹ̀lú ariwo.

Ẹ bá mi ṣírò. Ọmọrí ìkòkò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 22 láti etí dé etí ní àyè tó nǹkan bí 380 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó. Bí kílógíráàmù 1 bá ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kílógíráàmù 380 ló ń ti ọmọrí yẹn láti inú. Àpò sìmẹ́ńtì 7 jẹ́ 350. Àwọn ìkòkò tó dára ní ohun tó ń di ọmọrí mú títí ìtẹ̀ á fi lọ, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ń fi ìdí ọmọ-odó lu irin yẹn nítorí pé àlejò ti dé. Àní bí ìtẹ̀ náà ti dín kù dé ìdajì, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta àti ààbọ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọmọrí, omi gbígbóná sì wà lẹ́yìn wọn. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ pa iná, ẹ dúró títí ooru á fi tán, ẹ gbé ìwọ̀n kúrò wò bóyá ó ṣì ń sín, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ọmọrí.

Ẹ̀wà gan-an ló léwu jù fún ìkòkò yìí, nítorí èèpo rẹ̀ máa ń léfòó pẹ̀lú ìfófòó, á sì lọ dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ẹ má kún un kọjá ìdajì bí ó bá jẹ́ ẹ̀wà. Kí ẹ tó gbé e kaná, ẹ gbé ọmọrí sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo inú ihò náà; bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ là á. Rọ́bà tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìwọ̀n bá sọnù, ẹ má fi òkúta tàbí ṣíbí rọ́pò rẹ̀, nítorí ìwúwo yẹn ni ìṣirò gbogbo ìkòkò náà dúró lé.

Ìbéèrè kan kù tí ọmọ tó bá fetí sílẹ̀ yóò béèrè: ṣé òkè Jos kò wá ní nǹkan ṣe mọ́ nígbà tí a bá ti lo ìkòkò yìí? Ó ṣì ní. Ìwọ̀n orí ọmọrí ń fi kílógíráàmù 1 kún afẹ́fẹ́ ìta ni, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tí fọkanáísà ń kà fún yín ṣe jẹ́ ohun tó ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Táyà tó ti jò tán yóò ka òdo, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta Jos dín, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ dín, inú ìkòkò yóò sì gbóná dé nǹkan bí dígírì 118 dípò 120. Bí ìwé tó bá ìkòkò yín wá bá ní ìṣẹ́jú 20, ẹ fún ẹ̀wà Jos ní 22 tàbí 23.